Àpò Ọ̀tún, Àpò Òsì

Ọdún mẹ́fà gbáko ni àpótí irinṣẹ́ fi gba ìjókòó ìyàwó lẹ́yìn alùpùpù Dókítà Maṣíìnì, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni àpótí náà gbàjọba. Dókítà yìí kì í ṣe dókítà èèyàn o. Maṣíìnì ìránṣọ ló ń tọ́jú. Bí maṣíìnì bá ń já òwú, bó bá ń fo ojú abẹ́rẹ́, bó bá ń kùn ṣáá tí kò ṣiṣẹ́, wọn á ní ẹ lọ pe Dókítà wá. Dókítà á sì gun alùpùpù ẹ̀ dé, àpótí onígi kan á wà lẹ́yìn ẹ̀ tó fi rọ́bà dè mọ́ ibi tó yẹ kí èèyàn jókòó sí.

Nígbà kan, ìyàwó ẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó náà, Aránṣọ náà sì ni ọkọ ẹ̀ ń pè é. Ìdí maṣíìnì ni wọ́n ti pàdé. Dókítà wá tún maṣíìnì ẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, tí maṣíìnì kò sì ṣe nǹkan kan, ìyá ọmọbìnrin náà ní kó yáa sọ ohun tó ń wá kiri. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ wá pọ̀, àpótí gòkè, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí aáwọ̀. Aránṣọ kàn ń sọ pé, "Ẹ máa lọ, mo máa fẹsẹ̀ rìn, kò jìnnà." Ó rìn, ó rìn, títí orúnkún ẹ̀ fi wú. Wọ́n ya fọ́tò eegun orúnkún náà, wọ́n ní dókítà eegun ló gbọ́dọ̀ wò ó. Dókítà eegun ọ̀hún sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń wá sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì odò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣíwọ́ fífún àwọn aláìsàn ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá pẹ́, ó di oṣù mẹ́ta mìíràn.

Lọ́jọ́ tí dókítà náà wá kẹ́yìn, maṣíìnì mẹ́rin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé. Dókítà Maṣíìnì ní kí ìyàwó máa lọ níwájú. Aránṣọ rìn dé oríta, kò rí ọkọ̀. Ó rìn dé afárá, ó jókòó lórí òkúta, ó fọwọ́ pa orúnkún, ó tún dìde. Nígbà tó máa fi débẹ̀, dókítà eegun ti wọkọ̀ lọ. Ó padà wálé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, kò pariwo. Ó kàn ní, "Dókítà, èmi àti àpótí yín la jọ du ipò. Àpótí ló wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí dé egungun. Ì bá sàn kó bú u. Ó dìde dúró láàárín yàrá, ó ní, "Oṣù mẹ́ta sí i, èmi ni màá gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Bí mi ò bá gbé ẹ, kí n má pe ara mi lọ́kọ mọ́."

"A óò rí i," ni Aránṣọ wí.

Àbí ẹ ò rí i? Ọkùnrin ti fi ẹnu ara ẹ̀ kó bá ara ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àpò ti wọ ọ́ lórí. Ohun tó ń wá kò ṣòroó sọ: àpò méjì tí á so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí irinṣẹ́ lè kúrò lórí ìjókòó, kí èèyàn lè padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n rírí ẹ̀ ló le. Ó dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ẹni àkọ́kọ́ fi àpò aláṣọ kan hàn án, pupa fòò, wọ́n ya mànàmáná sí i lára. Dókítà yí inú ẹ̀ síta, ó wo ojú ìránṣọ, ó fi èékánná fa òwú kan báyìí, òwú bá a wá. "Òjò á ti wọ inú èyí kó tó rọ̀," ló wí, ó bá dá a padà.

Ẹnìkejì gbé àpótí oníke méjì jáde, ó le, ó ń dán, ó ní kọ́kọ́rọ́. Ó wu Dókítà, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ ó fẹ̀ síta jù. Ẹni tó bá máa jókòó sáàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀ débi pé orúnkún tó le koko gan-an á ké, áńbọ̀sì orúnkún Aránṣọ. Ibẹ̀ ló ti yé e pé kì í ṣe àpò ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n.

Ó délé, ó bá ìyàwó ẹ̀ nídìí iṣẹ́, ó yọ téèpù lọ́rùn ẹ̀ láìtọrọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ ẹ̀: láti ìbàdí dé orúnkún, láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n ló ń fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́.

"Kí lẹ fẹ́ rán fún mi?"

"Mi ò rán nǹkan kan."

"Àbí pósí ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Na ẹsẹ̀ dáadáa, jàre."

Aránṣọ fi etí aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ ẹ̀ ti kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ gbẹ̀yìn, maṣíìnì ló sì bá wá nígbà náà.

Abẹ́rẹ́-Ńlá ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan tó ń rán bàtà àti àpò lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan. Òun àti Dókítà, ojúgbà ni wọ́n. Dókítà na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i. Abẹ́rẹ́-Ńlá ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ìwọ̀n kí nìyí?"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó mi."

"Àpò lo ní o fẹ́ rán, ìyàwó lo wọ̀n wá."

"Ìyàwó ni mo fẹ́ gbé. Àpò kàn ń bá wa lọ ni."

Abẹ́rẹ́-Ńlá mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n awọ tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ kò lè ṣe ju àpò kan lọ. Ó nawọ́ sókè, ó já àpò awọ ògbólógbòó kan lórí ìṣó, èyí tó ti gun alùpùpù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó dọ̀dọ̀ ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti họ, wọ́n ti lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ níbi méjì, ṣùgbọ́n awọ ẹ̀ nípọn. "Màá rán ọ̀tun kan kó bá èyí dọ́gba," ló wí. "Wọn ò ní jọra, wọ́n á kàn bára wọn gbé. Ṣebí báyìí náà ni tọkọtaya."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rán an. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa so ó, wọ́n fa okùn awọ méjì kọjá lábẹ́ ìjókòó, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin ẹ̀yìn. Ọ̀tun lọ sápá òsì, ó sì jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ògbólógbòó lọ sápá ọ̀tún. Ìdí sì ni pé apá ọ̀tún ni sálẹ́ńsà wà, ọ̀pá irin tí èéfín ń gbà jáde, tó máa ń gbóná débi pé bí omi bá kán sí i, omi á pariwo. Abẹ́rẹ́-Ńlá ní ògbólógbòó ni kó wà níbẹ̀, torí bí nǹkan bá máa jó, kó jẹ́ èyí tó ti rí ayé. Ó wá ní, "Lọ bá wẹ́dà, kó jó irin pẹlẹbẹ kan fún ẹ tí á ti àpò yìí kúrò lára sálẹ́ńsà. Kí irin náà tó dé, má ṣe kó nǹkan sínú ẹ̀ o. Bó bá ṣófo, rọ́bà á gbé e dúró. Bó bá wúwo, á sọ̀ wálẹ̀, á sì jó."

Dókítà gbọ́ dáadáa. Àmọ́ nígbà tó délé, kò sọ fún ìyàwó. Kí ló tún fẹ́ máa sọ nípa irin tí á dé lọ́la? Àwọn ọkùnrin sì rèé.

Ní ti Aránṣọ, ó jáde wá wo àpò. Ó jókòó lórí alùpùpù tó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìtẹ̀sẹ̀. Orúnkún kò kan nǹkan kan. Ó yin ọ̀tun, ó fọwọ́ tọ ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó wá yíjú sí ògbólógbòó, ó ṣu ẹnu jọ. "Èyí ńkọ́? Ó dà bíi kó máa tọrọ bárà. Àpò òṣì gidi rèé!"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kó má bú àgbà. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ síbì kan.

Ọjọ́ dókítà eegun pé. Ní aago méje àárọ̀, Dókítà fi alùpùpù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá wẹ́dà. Wẹ́dà jókòó, ó káwọ́ lérí. Iná kò sí látàná, irin kò tíì jó. Ó dáa náà, wọ́n á lọ bẹ́ẹ̀, kí àpò ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà ṣáà ti ṣófo. Dókítà fa fóònù yọ. Fóònù kékeré ni, bọ́tìnì ẹ̀ ti pa lójú, kò mọ àmì orí ọ̀rọ̀, kò mọ èyí tí à ń fi sábẹ́. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀ báyìí:

*Irin ko tii jade. Ko foto eegun re si apo osi. Ma ko o si apo otun rara. Mo n bo.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yé e kedere. Ọwọ́ ẹni tó kọ nǹkan kì í ṣìnà lójú ara ẹ̀. Ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tó padà délé, Aránṣọ ti wọṣọ, ó ti di àpò méjèèjì pa, ó dúró ti alùpùpù. Ojú ẹ̀ le kankan.

"Ṣó o rí iṣẹ́ tí mo rán?"

"Mo rí i."

"Ṣó o ti kó o síbẹ̀?"

"Gbogbo nǹkan ti wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Dókítà rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Aago mẹ́jọ ti kọjá, kò sáyè ìwádìí. Ó fi rọ́bà fa àpò ọ̀tún síta, ó gun alùpùpù, ìyàwó gùn ún tẹ̀lé e.

Kí n sọ òótọ́, inú ọkùnrin náà dùn lọ́jọ́ yẹn débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé igi kiri. Igi kì í mí, kì í sọ pé rọra, kò níí di èèyàn níbàdí bí kòtò bá dé. Ní báyìí, ó ń gbọ́ èémí ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Lóòótọ́, obìnrin náà di aṣọ ẹ̀ mú bí ẹni di irin mú. Ó béèrè bóyá ìjókòó tura. "Ó tura." Ó béèrè bóyá òun ń sáré jù. "Rárá." Wọ́n kọjá oríta, wọ́n kọjá òkúta tí Aránṣọ jókòó lé níjọ́sí, wọ́n gun afárá.

Ìgbà tí wọ́n ń pọ́n òkè lẹ́yìn afárá ni òórùn dé. Òórùn awọ, lẹ́yìn náà òórùn ọ̀rá. Dókítà wo ẹ̀gbẹ́, ó rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó dúró lẹ́bàá títì, ó ran ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

"Má bẹ̀rù," ló wí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rín ló ń rín. "Àpò ọ̀tún ló kan sálẹ́ńsà. Òfìfo ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ ọ́ sí ẹ."

Aránṣọ wò ó. "Kí lẹ kọ sí mi?"

"Pé kó o kó fọ́tò sí àpò òsì, kó o má kó o sí àpò ọ̀tún."

"Òsì? Òsì ọwọ́?"

"Òsì mìíràn wo ló tún wà?"

Obìnrin náà wá fóònù ẹ̀ nínú àpamọ́wọ́, ó nà án jìnnà sí ojú, ó kà á sókè bó ṣe kà á láàárọ̀: "Kó fọ́tò eegun rẹ sí àpò *òṣì*. Má kó o sí àpò *ọ̀tun* rárá."

Áà! Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àpò òṣì, ògbólógbòó tó dà bíi kó máa tọrọ bárà. Àpò ọ̀tun, èyí tí Abẹ́rẹ́-Ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Gbogbo ohun tí Dókítà ní kó wà lápá kan, fóònù ti gbé e sí apá kejì, lẹ́tà kan kò sì yí padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà rèé, ó ń jó àpò.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Dókítà, ẹ dúró," ṣùgbọ́n kò gbọ́. Ó ti dé ìdí àpò, ó fi ọwọ́ lásán já okùn ẹ̀, iná jó o níka, kò mọ̀. Ó ki ọwọ́ wọlé. Ohun tó fà jáde dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó ti yọ́ lápá kan, ó lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó ń rùn.

Ó jókòó sórí koríko.

"Mo ti jó o," ló wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta mìíràn. Aránṣọ, àpótí ló gba ipò ẹ, èmi náà tún wá jó eegun ẹ. Irú ọkọ wo nìyí?" Omi ti dà lójú ẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni o, lẹ́bàá títì, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń kọjá tí wọ́n ń wò ó.

Aránṣọ tiro yí alùpùpù ká sí apá kejì. Ó tú àpò ọ̀tun. Ó fa àpòòwé ńlá kan yọ, ó fa fọ́tò yọ nínú ẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Eegun orúnkún méjì hàn kedere, funfun báláú.

"Ẹ wò ó. Ṣé èyí ni wọ́n jó?"

Dókítà wo fọ́tò. Ó wo nǹkan dúdú tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Kí wá lèyí?"

"Aṣọ òjò yín."

Ó tú u wò, ó sì rí bọ́tìnì kan. Aṣọ òjò ẹ̀ ni lóòótọ́.

"Inú ló bí mi," ni Aránṣọ wí. "Mo ka iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán, mo ní háà, ọkùnrin yìí! Àpò tuntun ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n jù, eegun mi ló wá yẹ àpò òṣì. Mo ní kò burú. Mo fi eegun mi sí ọ̀tun, kí ẹ wá bá mi jà. Mo sì kó aṣọ òjò yín sí àpò òṣì, kí ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ máa gbé ibẹ̀."

"O bínú báyẹn, o tún gùn ún tẹ̀lé mi?"

"Orúnkún ló ń dùn mí, Dókítà. Kì í ṣe orí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọkùnrin náà pẹ̀lú omijé. Ó rín, ó wúkọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní ìyàwó alágídí. Aránṣọ náà fẹ́ pa ẹ̀rín tiẹ̀ mọ́ra, kò lè ṣe é, ó bá fọwọ́ ti alùpùpù, ó ń rín títí tó fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, orúnkún òun. Ara tu àwọn méjèèjì débi pé wọn ò rántí aago fún ìṣẹ́jú kan odindi. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rántí. Wọ́n da omi sí àpò ọ̀tún, wọ́n tú u kúrò pátápátá, Aránṣọ gbé e lé itan bí ọmọ, wọ́n lọ.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún bọ́ sí i lọ́wọ́. Dókítà eegun fi fọ́tò sójú iná, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ. Oògùn wà, ẹsẹ̀ nínà wà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn jíjìn ti parí. "Ta ló gbé yín wá, màmá?"

"Dókítà ni," ni Aránṣọ wí, ó sì nawọ́ sí ọkọ ẹ̀ tó di àpò jíjó mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà kí ni?"

"Ti maṣíìnì, sà," ni ọkọ dáhùn.

"Ó dáa. Kí dókítà maṣíìnì máa gbé màmá. Ìwé oògùn tèmi nìyẹn."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, iná dé, wẹ́dà jó irin. Abẹ́rẹ́-Ńlá fi awọ lẹ ibi tó jó, ó ní àpò náà ti ní àmì ogun kẹta. Irinṣẹ́ pín sí àpò méjèèjì, kò sì sí ohun tó tún gun ìjókòó bí kò ṣe èèyàn. Àpótí onígi wà nílé. Abẹ́ maṣíìnì Aránṣọ ló wà, òun ló ń na ẹsẹ̀ lé bó bá ń ránṣọ. Ó ní ìjọba ti yí padà.

Oṣù mẹ́ta tún pé. Dókítà jí lọ tún maṣíìnì kan ṣe ní òpópónà kejì, ó fẹ́ rán iṣẹ́ sílé kó tó padà wá gbé ìyàwó ẹ̀. Ó tẹ *osi*, ó wò ó, ó pa á rẹ́. Ó wá rántí pé àwọn ìyá ẹ̀ kì í dárúkọ ọwọ́ yẹn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àlàáfíà ni wọ́n ń pè é, torí wọn ò fẹ́ kí ohun tó jọ òṣì gba ẹnu wọn jáde. Ó tún un tẹ̀:

*Ko foto re si apo alaafia. Iwo funra re, ijokoo re n duro de o.*

Aránṣọ kà á nídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àpótí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó tún ní ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà kà á. Kò ní.